Ẹja tó ṣàrà ọ̀tọ̀, tí kò sì ní pa ẹnìkejì rẹ̀ jẹ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Mo ní àpótí ẹja onídígí kan nínú pálọ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà kan, ìbú rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 40, gíga rẹ̀ 50. Goldfish ló wà níbẹ̀ fún ọdún méjì, ṣùgbọ́n mo ti kó wọn fún ẹ̀gbọ́n mi tó ní kòtò ẹja lẹ́yìnkùlé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ohun tí àlejò ò tíì rí rí ni mo fẹ́ báyìí. Mo ti ronú òjìjí, akàn, edé aláwọ̀ búlúù tó ní èékánná ńlá, ẹja onímú erin, àti akèrè kékeré tí kì í jáde nínú omi. Ọmọ mi obìnrin ní kí n má gbàgbé ẹja tó máa ń dorí kodò lúwẹ̀ẹ́. Èwo ni mo lè kó pọ̀ tí wọn ò fi ní pa ara wọn jẹ?

ÌDÁHÙN: Ẹ ǹlẹ́ o, arákùnrin mi. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo lè fọwọ́ sí fún àpótí yín, òun náà sì ni èyí tí ọmọ yín béèrè fún. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó mú mi yọ àwọn yòókù kúrò, torí inú ọ̀rọ̀ yẹn la ti máa rí àwọn tó yẹ kí ẹ rà.

Ká mú òjìjí kúrò nílẹ̀ ná. Iná tó wà lára rẹ̀ lè tó 350 fóltì. Ó pọ̀ ju ti ara ògiri ilé yín lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbì iná kọ̀ọ̀kan kì í pé ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó tán. Iná yẹn ló fi ń pa ẹja tó bá fẹ́ jẹ. Bó bá dàgbà tán nínú odò, ó lè gùn ju mítà kan lọ, ìyẹn ni pé ó gùn ju àpótí yín lọ. Ẹni tó bá fẹ́ sin òjìjí, òjìjí nìkan ni yóò máa sìn.

Akàn ńkọ́? Èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn ọlọ́sìn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà nítorí àwọ̀ rẹ̀ tó dára, Cardisoma armatum, etíkun tiwa níhìn-ín ló ti ń lọ. Ẹ ti rí i rí lọ́wọ́ àwọn tó ń so akàn mọ́ okùn tà ní Èkó. Ilẹ̀ ló ń gbé, ihò ló ń gbẹ́, omi oníyọ̀ díẹ̀ ló sì máa ń fẹ́ bẹ̀ wò. Ẹ tì í mọ́ inú omi gbalasa, yóò máa wá ọ̀nà àtijáde títí yóò fi rí i, tàbí kó máa ti orí ìyà rẹ̀ já lẹbẹ ẹja jẹ lóru.

Ti edé búlúù yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ohun tí à ń pè ní “crayfish” lọ́jà wa, edé ni. Ẹranko aláwọ̀ búlúù tó ní èékánná ńlá yẹn kì í ṣe edé, kò sì sí irú rẹ̀ kankan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àyàfi ní erékùṣù Madagáskà. Láti òkè òkun ni wọ́n ti ń gbé e wá. Ọ̀kan nínú wọn, Cherax quadricarinatus láti Ọsirélíà, ti bọ́ mọ́ àwọn tó ń sìn ín lọ́wọ́ ní gúúsù Áfíríkà, ó ti wà nínú odò Zambia àti ti South Africa báyìí, kò sì sí ẹni tó lè kó o tán mọ́. Ó ń jẹ ewéko, ó ń jẹ ẹyin ẹja, ó sì ń ba ẹja tó ti há sínú àwọ̀n jẹ́ mọ́ àwọn apẹja lọ́wọ́. Àwa náà ti rí irú rẹ̀ rí. Òdòdó tó rẹwà ni ewéko tí àwọn ará etí omi ń pè ní gbéborùn (water hyacinth), láti Gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn tó fẹ́ fi ṣe ọ̀ṣọ́ sínú omi ló sì gbé e kiri ayé. Ọdún 1984 ni wọ́n rí i ní ọ̀sà Badagry. Ẹ bi àwọn tó ń tu ọkọ̀ ní Ìlàjẹ ohun tí ojú wọ́n rí láti ìgbà náà. Tí agbára òjò bá gbé ẹyọ méjì ẹranko búlúù yẹn láti ẹ̀yìnkùlé yín dé odò Ọ̀nà, kò sí ẹni tó máa lè dá a padà. Nítorí náà, èmi kì í ta á, n kì í sìn ín, n kì í sì í júwe ibi tí wọ́n ti ń tà á fún ẹnikẹ́ni.

Ẹja onímú erin, Gnathonemus petersii, jẹ́ ẹja tí mo fẹ́ràn gan-an. Omi ilẹ̀ wa náà ló ti wá. Ohun tó gùn lẹ́nu rẹ̀ yẹn kì í ṣe imú, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni, òun ló fi ń wá ìdin nínú ẹrẹ̀. Iná díẹ̀ wà lára òun náà, àmọ́ kì í fi pa ẹnikẹ́ni: ó fi ń mọ ọ̀nà nínú òkùnkùn ni, ó sì fi ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọpọlọ rẹ̀ tóbi débi pé nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ara rẹ̀ ń lò, ọpọlọ yẹn nìkan ló ń lò ó. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í fara da omi tí atẹ́gùn rẹ̀ bá dín kù. Ó máa ń gùn ju 20 sẹ̀ǹtímítà lọ, iyanrìn kíkúnná ló fẹ́, ẹja ayára bí àṣá sì máa ń jẹ oúnjẹ mọ́ ọn lójú. Nínú 200 lítà, pẹ̀lú iná tó ń ṣe ségesège, ìyà ni yóò jẹ. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ tí ẹ bá ní àpótí 400 lítà.

Ní ti akèrè inú omi, Hymenochirus, kò ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Kò ríran dáadáa, ó ń fara balẹ̀ wá oúnjẹ káàkiri, kó tó débẹ̀ ẹja ti gbé e mì. Ó tún gbọ́dọ̀ gòkè wá mí, omi tó jìn tó 50 sẹ̀ǹtímítà sì máa ń tán an lókun. Bí ọkàn yín bá wà lára rẹ̀, àpótí kékeré tirẹ̀, lítà 30 sí 40, tí omi rẹ̀ kò jìn, ló yẹ ẹ́, ẹ lè kó mẹ́rin tàbí márùn-ún síbẹ̀. Àmọ́ kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ọmọ ìka ọwọ́ rẹ̀ níwájú. Bí awọ bá so àwọn ìka náà pọ̀, Hymenochirus ni. Bí wọ́n bá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọmọ Xenopus ni wọ́n fẹ́ tà fún yín, ìyẹn á tó ìbú ọwọ́ láìpẹ́, yóò sì jẹ ohunkóhun tó bá wọ ẹnu rẹ̀.

Ẹnu yẹn gan-an ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹja tó bá lè wọ ẹnu ẹlòmíràn, oúnjẹ ni, bó ti wù kí ẹni tó tà á fún yín pè é ní oníwà pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń wo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé nínú omi, òkè ni, àárín ni, àbí ìsàlẹ̀, kí wọ́n má baà máa du ilé. Mo máa ń wo bí ó ṣe ń jẹun, àtìgbà tó ń jẹ ẹ́. Ẹ̀yìn èyí ló wá kan omi fúnra rẹ̀. Ẹja tó ti ara omi rírọ̀ inú igbó wá kò lè máa bá èyí tó fẹ́ omi líle, ìyẹn omi tí èròjà òkúta pọ̀ nínú rẹ̀, gbé kí ara àwọn méjèèjì le.

Èyí ló sọ mí di ẹni tó ń yan ẹja láti omi ilẹ̀ kan náà. Ohun tí ẹ̀ ń wá, tí àlejò kò rí rí, odò gúúsù Nàìjíríà àti ti àwọn aládùúgbò wa kún fún un. Ó máa ń dùn mí pé àwọn tó wà lókè òkun mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Ẹja kékeré kan wà, Fundulopanchax gardneri, tí kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ, àmì pupa wà lára rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi bírò tò ó. Àwọn tó ń sìn ín ní Jámánì, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà kì í jẹ́ kí ìran odò kan gun ti òmíràn. Orúkọ ìlú tí wọ́n ti mú àwọn baba ńlá rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ìran kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa gbọ́ tí ẹni tí kò dé Nàìjíríà rí yóò máa sọ pé “Akure” lòun ń sìn, ẹnìkejì á ní “Makurdi” ni tòun, ẹlòmíràn “Nsukka”. Ẹ wá bi ará Àkúrẹ́ bóyá ó mọ̀ pé ẹja kan ń jẹ́ orúkọ ìlú rẹ̀ káàkiri ayé. Ẹja náà kéré fún àwọn tí mo fẹ́ dárúkọ yìí ni mi ò ṣe kó o mọ́ wọn.

Àwọn tí èmi yóò kó sínú àpótí yín rèé. Láti òkè ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ojú omi ni Pantodon buchholzi ń gbé. Àwọn tó ń tà á ń pè é ní ẹja labalábá, torí lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbòòrò bí ìyẹ́ nígbà tí ẹ bá ti òkè wò ó. Òun nìkan ṣoṣo ló kù nínú ìdílé rẹ̀, kò sí ẹja mìíràn láyé tó jọ ọ́. Kì í gùn tó 13 sẹ̀ǹtímítà. Ó máa ń dúró sójú kan lábẹ́ ewé bí ewé gbígbẹ tó já bọ́ sómi, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin mẹ́rin láti ara lẹbẹ ikùn rẹ̀ á máa rọ̀ wálẹ̀. Bí kòkòrò bá já lu omi, ẹ ò ní rí ìgbà tó gbé e. Méjì tó. Oúnjẹ tó bá ti rì, kò ní tẹ̀ lé e lọ sísàlẹ̀, torí náà ohun tó ń léfòó ni kí ẹ máa fún un: ọmọ ìrẹ̀, èsúnsún ní àsìkò òjò, tanwíjí láti inú ike omi tí ẹ bá gbé síta fún un. Ẹ má fún un ní aáyán inú ilé, ẹ ò lè mọ èyí tó ti jẹ oògùn.

Ẹja yìí ló máa pàṣẹ fún ẹ̀yin àti àpótí yín. Ó fẹ́ kí ojú omi pa rọ́rọ́, ó fẹ́ ewé lókè orí, kò sì fẹ́ ẹja tó máa ń já okùn ikùn rẹ̀ jẹ. Ìyẹn ti lé gbogbo tiger barb àti ẹ̀yà wọn lọ. Àwọn àgbà ní ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Òṣíbàtà tóbi jù fún yín, ṣùgbọ́n kò sí òrùlé tó dára fún Pantodon tó ojú oró. Bí ẹ bá já a nínú odò tàbí kòtò, ẹ fi sínú báàfù lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ sì máa pa omi náà dà, torí ọmọ lámilámi máa ń sá pamọ́ sí gbòǹgbò rẹ̀, ọmọ lámilámi sì máa ń pa ẹja jẹ.

Fún àárín omi, ẹ kó mẹ́jọ Arnoldichthys spilopterus. Nàìjíríà nìkan ni ẹja yìí wà ní gbogbo ayé. Ojú rẹ̀ pupa, ìpẹ́ rẹ̀ tóbi, ó sì máa ń kọ mànà bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á. Ó ń gùn tó 8 sẹ̀ǹtímítà, kò wọ ẹnu Pantodon. Ẹja ọlọ́wọ̀ọ́ ni. Ẹ má ra méjì tàbí mẹ́ta, ẹ̀rù ni yóò máa ba wọ́n títí wọn ó fi kú. Ẹ má sì jẹ́ kí ojú yín fò wọ́n torí pé wọn kò ṣe bí iwin. Bí àwọn ẹja ọ̀sán wọ̀nyí bá ń rìn káàkiri láìbẹ̀rù, àwọn onítìjú ìsàlẹ̀ máa ń mọ̀ pé kò séwu níta, àwọn náà á yọjú.

Ó wá kan ti ọmọ yín. Synodontis nigriventris. Odò Congo ni tirẹ̀, kì í ṣe ti Nàìjíríà, ṣùgbọ́n omi tó fẹ́ kò yàtọ̀. Lóòótọ́ ló máa ń dorí kodò, bẹ́ẹ̀ ló ń rìn, bẹ́ẹ̀ ló ń jẹun. Ẹ ní kí ọmọ náà wo àwọ̀ rẹ̀. Ẹja púpọ̀ dúdú lẹ́yìn, wọ́n funfun níkùn, kí ẹyẹ tó wà lókè àti ẹja tó wà nísàlẹ̀ má baà rí wọn. Tirẹ̀ yí padà, ikùn ló dúdú. Kì í ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, ẹ ra mẹ́rin. Ẹ ṣọ́ra, torí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ pọ̀, àwọn oníṣòwò kan sì máa ń ta ọmọ irú mìíràn tó máa ń tóbi tó ọ̀bọ̀kún lórúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá rí i lọ́wọ́ wọn tí kò dorí kodò rárá ní gbogbo ìgbà tí ẹ fi dúró, ẹ fi í sílẹ̀.

Èyí tí àlejò yóò dúró wò jù ni edé ńlá kan, Atya gabonensis. Edé gidi ni, omi aláìníyọ̀ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ń gbé bó bá ti dàgbà. Ó ki pọ́pọ́, ó lè gùn ju 10 sẹ̀ǹtímítà lọ, àwọ̀ rẹ̀ á máa yí láti funfun díẹ̀ sí búlúù bí aró tó ṣá. Ẹ rí i pé búlúù tí ẹ fẹ́ ti dé. Kò ní èékánná kankan. Dípò rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Yóò dúró níbi tí omi ti ń ṣàn, yóò na abẹ̀bẹ̀ náà síwájú, yóò máa gba ohun wínníwínní tó ń bá omi bọ̀, yóò sì máa fi wọ́n sẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń lá ọbẹ̀ lọ́wọ́. Mo ti rí àgbàlagbà tó jókòó wò ó títí oúnjẹ rẹ̀ fi tutù. Ẹ ra méjì.

Ebi ló máa ń pa edé yìí jù, ẹni tó ni ín kì í sì í mọ̀. Omi tó mọ́ gaara kò ní nǹkan tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lè gbá mú. Ẹ gún oúnjẹ ẹja lúbúlúbú, ẹ pò ó mọ́ omi díẹ̀, ẹ tú u sí ẹnu ibi tí fílítà ti ń tu omi jáde, ní alẹ́, lójoojúmọ́. Bí ẹ bá rí i tó ń fi abẹ̀bẹ̀ ha ilẹ̀ kiri, ebi ti ń pa á nìyẹn. Bó bá bọ́ awọ, yóò sá pamọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, awọ rẹ̀ ṣì rọ̀. Ẹ má yọ awọ tó bọ́ kúrò, ẹ má sì gbé òkúta wá a. Oògùn ẹja tó bá ní kọ́pà nínú kò gbọ́dọ̀ kan omi yẹn láé, edé kì í yè é.

Kò tíì tán. Ìsàlẹ̀ kù, mo sì fẹ́ kí ẹ fi akọ kan àti abo kan Pelvicachromis pulcher síbẹ̀. Gbogbo ayé ń pè é ní kribensis, gúúsù Nàìjíríà àti etíkun Cameroon sì ni ilé rẹ̀. Ìbátan ẹpìyà ni. Ẹ lè ní kò ṣọ̀wọ́n, mo gbà, ṣùgbọ́n nílé ta ni ẹ ti rí i ní Ìbàdàn? Ikùn abo rẹ̀ máa ń pọ́n bí ọsàn àgbálùmọ̀ nígbà tó bá fẹ́ yé ẹyin, òun ló sì máa ń lọ pe akọ, tí yóò máa tẹ ara rẹ̀ kọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ fi igbá àgbọn tí ẹ lu lẹ́nu, tàbí ìkòkò amọ̀ kékeré, dorí kodò sí igun kan. Inú rẹ̀ ni wọn ó yé sí. Àwọn méjèèjì ni yóò máa kó ọmọ wọn jẹ̀ kiri bí adìyẹ àti òròmọdìyẹ. Ní àsìkò yẹn, wọn á lé ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ẹyọ takọtabo kan péré, kí ilé wọn sì jìnnà sí ibi tí edé ń dúró. Lóru, àwọn adoríkodò yóò jẹ lára ọmọ wọn. Bí ìyẹn bá máa ba ọmọ yín nínú jẹ́, ẹ sọ fún un ṣáájú.

Ẹ ti lè ti rí ìjà tó wà nínú ètò yìí. Pantodon fẹ́ ojú omi tó pa rọ́rọ́, Atya fẹ́ odò tó ń ṣàn. Ó gbà mí ní àkókò gígùn kí n tó mọ bí mo ṣe lè tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn nínú àpótí kan. Ẹ gbé ẹnu fílítà wálẹ̀ sí ìdajì omi ní apá ọ̀tún, kó máa fẹ́ lọ sí òsì, kó má ṣe ru ojú omi. Ẹ to òkúta ńlá àti igi sí ọ̀nà ìṣàn yẹn, ibẹ̀ ni Atya yóò máa dúró. Ẹ fi okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ so ojú oró mọ́ra kó má baà kúrò ní apá òsì, ibẹ̀ ni Pantodon yóò máa sùn. Lára igi náà ni kí ẹ so Anubias mọ́, ewéko Áfíríkà ni, kò fẹ́ iná púpọ̀, kò sì sí ẹja tó lè jẹ ewé rẹ̀ tán. Ẹ má bo igi ìdí rẹ̀ mọ́ iyanrìn, yóò jẹrà.

Omi fúnra rẹ̀ ńkọ́? Omi kànga ẹ̀rọ tó pọ̀ ní Ìbàdàn máa ń le ju bí àwọn ẹja wọ̀nyí ṣe fẹ́ lọ. Omi òjò la fi ń rọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí òjò fọ òrùlé fún bí ìdajì wákàtí, kí ẹ tó gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì pò ó mọ́ ti kànga. pH, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó, tó bá wà láàárín 6 sí 7.2 tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn, ooru omi láàárín 24 sí 27 dígírì. Lọ́pọ̀ oṣù, ẹ ò nílò hítà, àfi lóru ọyẹ́. Ewé igi fúrúùtù tó ti gbẹ, tó ti pọ́n, tó já bọ́ fúnra rẹ̀, ẹ fọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ jù ú sínú omi. Omi náà á pọ́n bí omi tíì. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Bẹ́ẹ̀ lomi igbó tí wọ́n ti wá ṣe rí, ẹ̀rù kì í bà wọ́n nínú rẹ̀.

Fílítà goldfish yín ọdún méjì yẹn, ẹ má fọ̀ ọ́ dànù, ẹ má sì jẹ́ kó gbẹ. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ amóníà inú ìgbẹ́ ẹja di ohun tí kò léwu wà nínú fóòmù rẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láìní fílítà tó ti pẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ló máa fi ń dúró dè wọ́n. Ẹ̀yin ti ní wọn. Ẹ máa ju oúnjẹ ẹja díẹ̀ sínú omi lójoojúmọ́ kí ebi má baà pa wọ́n títí ẹja tuntun yóò fi dé, ẹ pààrọ̀ ìdajì omi lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì wọn amóníà. Òdo ni kó jẹ́. Bí wọ́n bá mú iná lọ, atẹ́gùn ni àwọn kòkòrò yẹn kọ́kọ́ ń pàdánù. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ kékeré oníbátìrì ṣe pàtàkì ju iná àrànmọ́jú àpótí lọ. Bí fílítà yín bá jẹ́ oníkòkò, tí omi dúró sínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ da omi inú rẹ̀ nù kí ẹ tó tan án padà, torí májèlé ló ti dà.

Ẹ má kó gbogbo wọn dé lọ́jọ́ kan. Arnoldichthys ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni Synodontis, ẹ̀yìn ìyẹn ni Pantodon. Atya fẹ́ àpótí tó ti pẹ́, ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta. Takọtabo pulcher ló kẹ́yìn, torí bí wọ́n bá kọ́kọ́ débẹ̀, wọ́n á ní àwọn ló ni gbogbo ilé. Púpọ̀ nínú àwọn ẹja wọ̀nyí, inú odò ni wọ́n ti mú wọn, kì í ṣe pé wọ́n bí wọn sí àpótí. Ẹ wo ikùn wọn lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Èyí tí ikùn rẹ̀ bá wọlé, tí kò sì jẹun níwájú yín, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó, ẹ má rà á.

Nǹkan méjì ló ti gba ẹran omi lọ́wọ́ mi jù. Èkíní ni àlàfo ìdérí. Mo sin ẹja okùn rí, Erpetoichthys calabaricus, tí wọ́n fi orúkọ Calabar sọ, ó ń mí afẹ́fẹ́, ó gùn bí ejò. Ó gba ihò tí wáyà hítà gbà wọlé jáde lóru, ẹ̀yìn fíríìjì ni mo ti bá òkú rẹ̀. Ó dùn mí fún ọjọ́ pípẹ́. Kì í ṣe ẹja okùn nìkan, Pantodon náà máa ń fò gan-an. Ibi tí ìka bá ti lè wọ̀, ẹ fi fóòmù dí i. Èkejì ni oògùn ẹ̀fọn tí a ń fín. Ohun tó ń pa ẹ̀fọn nínú rẹ̀ ń pa edé kíákíá, ó sì ń pa ẹja. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ máa ń fà á láti inú yàrá, á tú u sínú omi tààrà. Nínú pálọ̀ yẹn, nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé ni kí ẹ lò. Ẹ sọ fún gbogbo ará ilé, pàápàá ẹni tó bá wá ràn yín lọ́wọ́ láti gbálẹ̀.

Fún ọmọ yín, ẹ ra gílóòbù kékeré tó pupa, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà. Bó bá di nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ pa iná ńlá, kí iná pupa nìkan máa tàn, kí ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún bí ìdajì wákàtí. Ìgbà yẹn ni àwọn adoríkodò máa ń jáde, tí wọ́n á máa já oúnjẹ jẹ lábẹ́ ojú oró.

Kí ẹ tó ra ẹyọ ẹja kan, ẹ wọn pH àti líle omi kànga yín, ẹ kọ iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí n lè sọ iye garawa omi òjò tí ẹ ó máa bù mọ́ ọn.